Ọdún Tí Ohùn Mi Lọ

Omi ni mo fẹ́ béèrè. Ojú mi là lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ọ̀fun mi gbẹ bí igi ìdáná, ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ kan fẹ́ ara rẹ̀. Mo la ẹnu, mo ní kí ó bu omi fún mi. Kò yíjú. Mo tún sọ ọ́. Kò yíjú síbẹ̀. Mo rò pé ọkàn rẹ̀ ti lọ ni, nítorí náà mo na ọwọ́, mo fà á láṣọ. Ó wò mí, ó ní, "O ti jí? Kí ló dé tí o kò pè mí?"

Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kétu, ohùn mi ni wọ́n sì fi ń mọ̀ mí. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìṣirò, kíláàsì tó tẹ̀ lé tiwa a máa gbọ́ ọ. Olùkọ́ ibẹ̀ a máa fi mí ṣe àwàdà pé òun kàn ń jókòó ni, èmi ni mò ń bá òun ṣiṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì kú, èmi ni gbogbo ojú máa ń yí sí pé kí n dìde ka Bíbélì. Mi ò ní purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi. Mo máa ń rò pé bí mo ṣe jẹ́ nìyẹn, bí ẹlòmíràn ṣe ga tàbí ṣe pupa.

Gẹ̀gẹ̀ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ó ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi, kékeré bí ẹyin àparò. Nígbà tó wá tó ọsàn, tí mi ò lè dùbúlẹ̀ kí n mí dáadáa mọ́, dókítà ní àfi kí wọ́n gé e. Ó ṣàlàyé fún èmi àti ọkọ mi pé iṣan tín-ín-rín kan wà lẹ́bàá rẹ̀ tó ń gbé ohùn, pé nígbà mìíràn iṣẹ́ abẹ a máa dà á láàmú. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ohun tí mo rántí ni pé kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán tí mo fi dá a dúró, tí mò ń sọ fún un pé mo gbọ́dọ̀ ti padà síṣẹ́ kí ìdánwò àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Mo buwọ́ lu ìwé, a sì jáde.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà kan náà ní kí n mú sùúrù. Ohùn náà lè padà lóṣù mẹ́ta, ó lè tó ọdún kan, ó sì lè jẹ́ pé bó ṣe máa wà nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ pé ìṣirò kan, ìdáhùn kan. Mẹ́ta ni wọ́n fún mi, wọn ò sì sọ èyí tó jẹ́ tèmi. Ohun tó kù lẹ́nu mi kò ju èémí lọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí ọmọ tó fẹ́ sùn.

Oṣù kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, mo padà sí kíláàsì. Mo mú agogo kékeré kan dání, mo kọ ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ sójú pátákó. Mo na ọwọ́ sí ọmọ kan pé kó dìde kà á. Ó dìde, ó kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ìgbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́. Mo pe òmíràn. Òun náà kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ní wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lé àwọn méjèèjì síta sínú oòrùn. Ìkẹta bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kó tó la ẹnu.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde ṣeré, olùkọ́ kejì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò. Ó sún mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo fi ọwọ́ béèrè pé kí ló dé tí òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tì í. Ó ní òun ò mọ̀ rárá pé òun ń ṣe é. Ó ní bí ẹnìkan bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn tirẹ̀ náà á kàn lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo dìde, mo lọ mú àwọn ọmọ méjì yẹn wọlé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọdé. Mo kàn fọwọ́ pa wọ́n lórí, wọ́n sì lọ jókòó.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó pè mí wọ búrò, yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Madamu, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ò gbọ́ yín." Ó ní kí n máa jókòó síbẹ̀ kí n máa bá òun kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú ìwé títí Ọlọ́run yóò fi ṣe é.

Mo jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kan bàbá kan wọlé, ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sí ilé-ìwé wa. Ó ní kíláàsì Madamu tí ń pariwo yẹn ni òun fẹ́. Ó ní òun ò mọ ojú rẹ̀ o, ohùn rẹ̀ lòun máa ń gbọ́ láti ojú títì bí òun bá ń kọjá lọ sóko, ó sì máa ń wu òun. Mo wò ó. Ó yẹ kí n sọ fún un pé èmi rèé. Mo sọ fún un pé obìnrin náà kò sí níbí mọ́. Ó ní ó ṣe òun láàánú. Mo ní ó ṣe èmi náà láàánú. Títí di òní mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ tí mo sọ ọ́ ni mo gbà á gbọ́.

Ilé wá ńkọ́? Ọkọ mi jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ló ṣe fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ wa méjèèjì sì ti lọ sí Kùtọnu. Àwa méjì la kù nílé. Láti ìgbà tí ohùn mi ti lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ọdún mẹ́rìnlélógún tí a ti wà pa pọ̀, mi ò mọ̀ pé ó mọ ìfé é sú. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, a ń jẹ iṣu níwájú ilé, ó ń wo àgbàlá. Ó ní, "Ilé yìí tutù lásìkò yìí."

Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Nígbà tí mo ní ohùn, ìjà lórí ọ̀rọ̀ yẹn ì bá gbé wa dé ọjọ́ Ajé. Mo wá bébà, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ṣé ohùn mi ló ti ń da ilé yín rú láti ọjọ́ yìí? Ó wá awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà, ó ká a, ó fi í sápò, ó sì gbé àwo rẹ̀ lọ fọ̀. Ìjà tí èèyàn bá kọ sórí bébà kì í gbóná. Kí o tó rí bírò tó ń kọ, ìbínú rẹ á ti jókòó, á ti máa wo ara rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń bi ara mi bóyá inú ń bí mi nítorí pé ó parọ́, tàbí nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ Ajé mo gba ìsinmi àìsàn, mo wá sẹmijan kan, ọkùnrin tó ń fi alùpùpù gbé èrò, mo ní kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin. Ilẹ̀ bàbá wa ló ń ro, ní abúlé kan tí èèyàn máa dé bó bá ti kọjá Ìdìǹyí. Mo sọ fún ọkọ mi pé ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa lò. Mo lo oṣù mẹ́fà, mò ń lọ mò ń bọ̀ ní Kétu nítorí ìwé ìsinmi nìkan.

Wọ́n ń kórè àgbàdo nígbà tí mo dé. Ìyàwó àbúrò mi gba àpò lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ kú àbọ̀, ó gbé omi wá. Ogún ọdún ni mo ti mọ obìnrin yìí. Bí ẹ bá ní kí n sọ gbólóhùn kan tó ti sọ fún mi yàtọ̀ sí ẹ kú àbọ̀, mi ò ní rí i sọ. Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀ bí mo bá wá. Mo máa ń mú ìròyìn Kétu bọ̀ fún wọn, wọ́n á sì jókòó gbọ́ ọ, mo sì gbà pé oore ni mò ń ṣe.

Àwọn obìnrin ilé tó yí wa ká máa ń wá bá wa yín àgbàdo. Wọ́n á sún mọ́ mi kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí mò ń wí, bí wọ́n bá sì ti sún mọ́ mi tán, ọ̀rọ̀ tiwọn ni wọ́n á máa sọ. Ọ̀kan sọ fún mi pé òun kò fẹ́ràn ọmọ òun kejì bí òun ṣe fẹ́ràn àwọn yòókù, pé òun ti gbìyànjú. Ọ̀kan ní kókó kan wà nínú ọmú òun, òun ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn ibẹ̀ sì ní kì í ṣe ti ikú. Láti ọjọ́ yẹn wọ́n ń sọ kiri pé Madamu gbọ́n, pé tí o bá sọ̀rọ̀ fún un kò ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ. Mi ò gbọ́n. Ohùn ni mi ò ní. Mo fẹ́ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Ó di ọjọ́ kan, èmi àti ìyàwó àbúrò mi nìkan jókòó, a ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí ìgbà ìkẹyìn tí ẹ wá wo Ìyá?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ìyá wa ń gbé níbẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Mo mú búrẹ́dì àti mílíìkì wá fún un, mo sọ ìtàn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Inú mi dùn bí mo ṣe ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, Ìyá ti kú. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé mo mú un rẹ́rìn-ín.

"Ó ti di ẹrù rẹ̀ kí ẹ tó dé," ó ní. "Ìró mẹ́ta àti ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló gbé e sí. Ó ní òun fẹ́ bá yín lọ sí Kétu."

Ọ̀bẹ ọwọ́ mi dúró. Tirẹ̀ kò dúró. Ó ní Ìyá la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, mò ń sọ ti ọ̀gá tó wá yẹ iṣẹ́ wa wò nílé-ìwé. Lẹ́ẹ̀kejì, mò ń sọ ti páànù tí a fẹ́ pààrọ̀ sórí ilé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó gbé mi wá ti ń fọn fèrè lóde, mo sì ti dìde.

"Nígbà tí ẹ lọ tán, ó ní kí n tú ẹrù náà. Ó ní, 'Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi.'"

Mo fi ìwọ̀nba èémí tí mo ní béèrè pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ ọ́?"

Nígbà tí àbúrò mi dé láti oko ní ìrọ̀lẹ́, mo bi í. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní Ìyá kì í fẹ́ sùn níbòmíràn rárá, ká má tilẹ̀ sọ ti Kétu. Ó ní ẹrù náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Adakplamè ni Ìyá fẹ́ lọ, lọ kí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó tún ní ìyàwó òun kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ní òun wà nílé, òun ni òun gbé àga fún mi. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà níwájú mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí èmi.

Mi ò mọ ẹni tí mo máa gbà gbọ́. Àbúrò mi fẹ́ràn mi, kò ní fẹ́ kí ọkàn mi bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kò sì ní ìdí láti parọ́, àfi bó bá jẹ́ pé ogún ọdún tí mo fi sọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ tó ìdí. Mo padà sínú ìrántí mi, mò ń wá Ìyá níbẹ̀. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó là. Mo rí i kedere. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá mo rí i lọ́jọ́ náà lóòótọ́, tàbí nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń rí i.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, mo lọ sínú oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè, níbi tí pòròpórò gbígbẹ nìkan dúró sí. Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ pe Ìyá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí mo ṣe máa ń pè é tí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Mo jókòó sórí ebè, mo sunkún, ẹkún náà kò dún. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, á rò pé mò ń sinmi.

Nígbà tí mo bá lọ sí Kétu, gbogbo èèyàn ń sọ fún mi pé mo ti yí padà, pé mo ti di ẹni tó ń fetí sílẹ̀. Ó ń rú mi lójú. Ṣé etí mi ló là ni, àbí ẹnu mi ni wọ́n dì? Ẹni tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, ṣé a máa ń yìn ín pé kì í rìn kiri? Mo bi àlùfáà wa, mo kọ ọ́ sórí bébà fún un. Ó ní kí n gbàdúrà. Mo gbàdúrà, ṣùgbọ́n nínú àdúrà náà pàápàá, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ewúrẹ́ kan wọ inú àgbàdo tí wọ́n sá sójú àgbàlá. Mo gbé apá sókè láti lé e. Mo ní, "Kúrò níbẹ̀." Ohùn kan tó nípọn jáde, ó há, ó sì wúwo. Ewúrẹ́ sá. Ìyàwó àbúrò mi jáde láti ilé ìdáná, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ní bàbá wo ló wọlé wá. Nígbà tó mọ̀ pé èmi ni, a rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọmọ mi obìnrin pè mí lórí fóònù láti Kùtọnu. Mo dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Màmá ní fóònù."

Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá dákẹ́, èmi ni mo dákẹ́. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀ bo ẹnìkan mọ́lẹ̀, kò sí àìsàn tí mo lè fi ṣe àwáwí.

Mo padà sílé. Ọkọ mi gbọ́ ohùn tuntun náà, ó gbé omi ìwẹ̀ fún mi, ohun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ mo ní, "Ẹ sọ nígbà kan pé ilé yìí tutù. Kí lẹ fẹ́ wí?"

Mo fi eyín di ahọ́n mi mú. Adìyẹ kan wọlé, ó ṣa nǹkan jẹ, ó jáde. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ti kún ẹnu mi tí mo lè fi bá a dáhùn.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ó ní nígbà tó yá. "Ilé náà dà bí ilé tí èèyàn ti kú. Mo rò pé bí mo bá sọ pé ó tutù, ó máa di ohun rere." Ó kó àwo jọ. "Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, mo gbádùn rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ."

Mi ò mọ èyí tí mo máa dì mú nínú méjèèjì. Mo ṣì di méjèèjì mú. Nígbà mìíràn mo máa ń jí ní òwúrọ̀ tí èkíní á jẹ́ òótọ́, tó bá fi máa di ọ̀sán èkejì ni.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, ọ̀gá ní kí n yàn: búrò tàbí kíláàsì. Mo ní kó fún mi ní àwọn tó kéré jù lọ, nítorí wọ́n ṣeé pè sún mọ́ra. Wọn ò mọ̀ pé mo ní ohùn mìíràn rí. Bí wọ́n bá ń ṣeré olùkọ́, wọ́n á mú kí ohùn wọn ki bí ti àgbà ọkùnrin, èyí ni wọ́n mọ̀ sí Madamu. Ẹ má rò pé mo ti di ẹ̀dá tuntun. Lóṣù tó kọjá, ìyá ọmọ kan wá ṣàlàyé ìdí tí ọmọ rẹ̀ fi ń pẹ́ dé, kí ó tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi ni mo bá a parí rẹ̀, mo sì parí rẹ̀ sódì. Ó mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lọ. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá a lọ sílé, kò sí nílé.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ojú ń dun ìyàwó àbúrò mi, dókítà sì fẹ́ máa rí i lójoojúmọ́. Mo ní kó wá gbé lọ́dọ̀ wa. Ó lo ọjọ́ mẹ́wàá. A jọ ń ṣa ìrẹsì, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A ò dárúkọ Ìyá lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tó máa padà, mo sìn ín dé ojú ọ̀nà, a dúró lábẹ́ òjìji, a ń retí ọkọ̀ Ìdìǹyí. Mo bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ fún mi. Ó ní rárá. Mo dúró díẹ̀, mo tún bi í.

Ó wo ọ̀nà títí. Ó ní, "Iyọ̀. Mo gbàgbé láti ra iyọ̀."

Mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ nìkan ni. Mo gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, a sì yà sí ọjà.